Bí A Ṣe Ń Gba Oníbàárà Láìfi Aṣọ Ọrùn Rẹ̀ Díye Lé E

Ní ọdún kejì tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ aṣọ títà ní Gbági, ní ìlú Ìbàdàn, obìnrin kan yà sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ànkárá ọrùn rẹ̀ ti ṣá, sílípáàsì ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹ ní gìgísẹ̀, ó sì há ọ̀rá dúdú kan mọ́ abíyá bí ẹni tó ń ti ìsọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ bọ̀. Ó na ọwọ́ sí aṣọ òkè aláwọ̀ wúrà kan tí a fi kọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì béèrè iye tí a ń tà á. N kò dìde lórí àga. Mo wò ó láti òkè dé ilẹ̀, mo ní, “Mà, ìyẹn wọ́n o. Àwọn ànkárá wa wà lápá ẹ̀yìn lọ́hùn-ún.” Obìnrin náà kò bínú. Ó ní, “Mo mọ̀ pé ó wọ́n, ọmọ mi. Iye rẹ̀ ni mo bi ọ́.”

Ọ̀gá mi, tó ń ka owó nínú lọ́hùn-ún, gbọ́ ohùn wa, ó sì jáde síta. Kò wo bàtà obìnrin náà. Etí aṣọ kan tó yọ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀rá yẹn ló ń wò. Ó kí i, ó fún un ní àga, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun rí ohun tó gbé dání. Agbádá ẹtù ni. Òórùn káńfọ̀ ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni aṣọ náà tú sílẹ̀ lórí tábìlì. Aró ara rẹ̀ jìn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, àwọn ìlà funfun tín-ín-tìn-ìn-tín sì fọ́n sí i lára bí àmì ara ẹyẹ ẹtù tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi rán àwọn aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ náà pọ̀, tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju bí íńṣì mẹ́rin lọ, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ṣe déédéé tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi rán an.

Bàbá obìnrin náà tó ti dolóògbé ló ni agbádá yẹn. Kì í ṣe pé ó wá ra nǹkan kan. Ẹnìkan ní àdúgbò rẹ̀ ló fẹ́ gba aṣọ náà ní ọ̀pọ̀, ìyẹn ló fi wá mọ iye tí aṣọ òfì ń lọ lọ́jà, kí wọ́n má baà rẹ́ ẹ jẹ. Nínú gbogbo ohun tí a fi kọ́ sára ògiri lọ́jọ́ náà, kò sí èyí tó tó ohun tó wà nínú ọ̀rá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni mo ní kó lọ wo ànkárá.

Mo fi àbùkù kan àgbàlagbà, ìyẹn dùn mí. Ṣùgbọ́n ohun tí kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé aṣọ ni iṣẹ́ tí mò ń kọ́, aṣọ ni mo fi dá obìnrin náà lẹ́jọ́, síbẹ̀ n kò mọ aṣọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ àwọn tó máa ń fi aṣọ wọn ọmọ ẹnìkejì, mo sì ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín sányán àti àpò ìrẹsì. Nítorí wọn ni mo ṣe kọ ìtọ́sọ́nà yìí, àti nítorí ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dúró lẹ́nu ọ̀nà gba ènìyàn: òǹtajà, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, akọ̀wé tó jókòó síwájú ọ́fíìsì, mẹ́gáàdì, nọ́ọ̀sì tó ń pín káàdì, àti onílé tó ń wá ayálégbé.

Ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń ka aṣọ

N kò ní sọ fún yín pé kí ẹ di ojú. Ẹni tó bá ní òun kì í wo aṣọ ọrùn ènìyàn ń purọ́ ni, nítorí kò sí bí ojú yóò ṣe wà lójú tí kò ní ríran. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ẹ bá máa wò ó, ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ aṣọ parí sí. Aṣọ lè sọ fún yín ibi tí ènìyàn ti ń bọ̀ tàbí ohun tó fẹ́ ṣe lónìí. Bí ẹ bá bi í ní iye tí ènìyàn náà ní tàbí irú ọmọ tó jẹ́, yóò dá yín lóhùn bákan náà, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò pa.

Ẹ jẹ́ kí a fi aṣọ òkè ṣe àpẹẹrẹ. Mẹ́ta ni àwọn baba wa kà sí aṣọ ọlọ́lá jù lọ. Àkọ́kọ́ ni sányán, tí wọ́n ń hun láti ara òwú ilé kòkòrò inú igbó, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí erùpẹ̀ gbígbẹ. Èkejì ni ẹtù, tí wọ́n ń rẹ òwú rẹ̀ sínú aró léraléra títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ẹ̀kẹta ni àlàárì pupa, tí òwú sílíìkì rẹ̀ gba inú aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láyé ìgbà kan kí ó tó dé ọwọ́ àwọn ahunṣọ ilẹ̀ wa. Méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kì í dán lójú rárá. Bí ọkùnrin kan bá wọ sányán bàbá bàbá rẹ̀ wọ báńkì lónìí, tí ẹlòmíràn sì wọ léèsì olókùúta tó ń kọ mọ̀nà wọlé tẹ̀ lé e, ẹni tí kò mọ aṣọ yóò gba ẹ̀gbẹ́ onísányán kọjá láti lọ pàdé oníléèsì. Ní Ìṣẹ́yìn, níbi tí ọmọdé ti ń gbọ́ ìró òfì kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, wọn kò ní ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ti gbọ́ òwe yìí ní àìmọye ìgbà kí n tó rí i, lórí tábìlì ọ̀gá mi, pé ọ̀rọ̀ aṣọ gan-an wà nínú rẹ̀.

Aṣọ iṣẹ́ ló tún máa ń ṣi ni lọ́nà. Nígbà tí kòkó bá ń jáde, láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá títí dé ìparí ọdún, àgbẹ̀ láti Oǹdó tàbí Ìdànrè lè wọ ọjà pẹ̀lú ẹ̀wù oko tí oje kòkó ti gbẹ mọ́ lára, kí owó iṣẹ́ ọdún kan sì wà lápò rẹ̀. Nígbà tí ó bá di oṣù Karùn-ún, ọkùnrin kan náà lè wọ agbádá lọ síbi ìsìnkú, kí ó sì jẹ́ pé àwìn ni wọ́n fi ń dáná nílé rẹ̀. Ìgbà wo nínú méjèèjì ni ẹ fẹ́ fi díye lé e? Bẹ́ẹ̀ náà ni mẹkáníìkì, akunlé àti bíríkìlà: òróró, ọ̀dà àti sìmẹ́ńtì tó wà lára aṣọ wọn ń sọ pé wọ́n ti ibi iṣẹ́ wá, ẹni tó sì ti ibi iṣẹ́ wá ni owó ṣeé ṣe kó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jù.

Ní ti aṣọ ìgbàgbọ́, ohun tó yẹ kí ènìyàn mọ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n àìmọ̀ rẹ̀ burú. Bí ẹ bá rí ẹni tó wọ sùtánà funfun tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lójú títì, ẹ má ṣe rò pé kò rówó ra bàtà. Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run wá, tí a ń pè ní Sẹ́lẹ́, tí Samuel Bilewu Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1947, kì í gba ọmọ ìjọ láyè láti wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ àti ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀ jọ ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ́jọ́ Ìsinmi ni. Ọ̀rọ̀ híjáàbù, ní tirẹ̀, dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà, tó sì dájọ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022 pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí ní ilé ìwé ìjọba ní Èkó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò lè dá ẹjọ́ ojú tí òǹtajà fi ń wo ẹlẹ́hàá tó bá wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà tó ti pẹ́ jù lọ́dọ̀ mi ni ẹlẹ́hàá. Ohùn rẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n, àti bí ó ṣe máa ń fi àtàǹpàkò pa etí aṣọ kí ó tó béèrè iye rẹ̀.

Aṣọ ẹbí ni mo fẹ́ fi kádìí apá yìí, nítorí òun ni mo mọ̀ jù. Nígbà tí ẹ bá wọ òde ìyàwó tí ẹ sì rí ọgọ́rùn-ún obìnrin nínú léèsì kan náà, ojú yín yóò sọ pé ọgbọọgba ni wọ́n. Èmi tí mo ta léèsì náà mọ ẹni tó san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹni tó fi owó àjọ san án, ẹni tí ọkọ àbúrò rẹ̀ rà á fún, àti ẹni tó jẹ mí ní ìdajì rẹ̀ títí di òní. Ẹ ò lè rí èyíkéyìí nínú rẹ̀ lára aṣọ, bí ẹ tilẹ̀ fi ojú lú u.

Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́

Ibi tí ènìyàn ti ń fi àbùkù kan àlejò kì í sábà jẹ́ inú ọ̀rọ̀. Ara ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí a kò kà sí máa ń mọ̀ kí a tó la ẹnu, nítorí a kò dìde, a kò gbé ojú kúrò lórí fóònù, tàbí kí a fi àgbọ̀n júwe ọ̀nà fún un. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ni pé kí ó kí ènìyàn kí ó tó wò ó. Bí òjìji bá ti bọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn, kí “ẹ káàbọ̀, ẹ kú ọ̀sán” ti jáde lẹ́nu, kí ara sì ti kúrò lórí àga. Nígbà tí ojú bá fi dé orí bàtà àlejò náà, ìkíni ti ṣáájú rẹ̀, ó sì ṣòro fún ènìyàn láti kí ẹnìkan tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ tán kí ó tún wá máa wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

Ohun kejì ni “o” àti “ẹ”. Àwọn tí èdè wọn kò ní irú rẹ̀ kò ní wàhálà yìí, ṣùgbọ́n ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ló ń tú wa fó jù. Mo ti rí mẹ́gáàdì tó ń sọ fún ọmọkùnrin ọmọ ogún ọdún tó wọ kóòtù pé “ẹ máa wọlé, sà”, tó sì yíjú sí bàbá àádọ́ta ọdún tó wọ bùbá gbígbó, tó ní, “Ta lo fẹ́ rí?” Mẹ́gáàdì yìí kì í ṣe ẹni tí wọn kò kọ́ nílé, ọmọ tí kò ní dúró kí bàbá rẹ̀ ni kò jẹ́ jẹ́, síbẹ̀ aṣọ gba ẹ̀kọ́ ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin mi rọrùn: gbogbo ẹni tó bá ti dàgbà, “ẹ” ni, láìbìkítà ohun tó wọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ èdè. Bí ẹ bá ń fi èdè Òyìnbó dá onítáì lóhùn, tí ẹ sì ń fi Yorùbá onígbòónára lé oníró sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí àlejò fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì fi èdè tó bá sọ dá a lóhùn.

Lẹ́yìn ìkíni, ìbéèrè tó tọ́ kò ju ọ̀kan lọ: “Kí ni kí n bá yín mú?” Gbogbo ìbéèrè yòókù tí a máa ń fi tọ́ àpò oníbàárà wò ni kí ẹ gbé jù sílẹ̀, irú bí “èló lẹ fẹ́ ná?” kí ó tó sọ ohun tó fẹ́, tàbí “ó wọ́n o” kí ó tó béèrè. Bí ó bá béèrè iye, ẹ sọ iye. Èmi mọ̀ dájú pé ọ̀pọ̀ nínú àwa ọlọ́jà máa ń wo ojú tajà, tí ẹni tó bá gbé ọkọ̀ wá yóò gbọ́ iye kan, tí ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn wá yóò gbọ́ òmíràn. A máa ń pè é ní ọgbọ́n ọjà, ṣùgbọ́n àrùn kan náà ni, ọlọ́kọ̀ ló kàn ń san owó rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Láti ìgbà tí mo ti dá dúró ni mo ti ń lẹ iye mọ́ etí aṣọ kọ̀ọ̀kan. Ìdúnàádúrà ṣì wà, nítorí ọjà Ìbàdàn kò lè ṣe aláìní in, àmọ́ ibi kan náà ni gbogbo wa ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe dé. Bí ẹni pàtàkì bá bá yín lórí ẹlòmíràn, ẹ kí i, ẹ fún un ní àga, kí ẹ sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣáájú. Ní ti olè, ẹ ṣọ́ ọjà, ẹ má ṣe ṣọ́ ènìyàn: ohun tó bá ṣọ̀wọ́n, ẹ gbé e síbi tí ojú yín yóò ti máa bá a láìyí ọrùn, kí ẹ má baà máa tẹ̀ lé ọmọlọ́mọ kiri inú ṣọ́ọ̀bù bí òjìji.

Ẹnìkan lè sọ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, àti pé àwọn baba wa kò sọ ọ́ lásán. Òótọ́ ni, èmi náà sì máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi kí wọ́n tó jáde nílé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí òwe náà ń bá wí. Ẹni tó dúró níwájú dígí ni, tó ń múra òde, pé kí ó mọ bí ayé ṣe rí. Òwe kan náà, bí ẹni tó jókòó lẹ́yìn tábìlì bá gbà á sọ, ó ti di àwáwí.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kìlọ̀ rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n sábà máa ń fi kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí ni ti olówó tó fi àkísà bora wọ ọjà, tí òǹtajà lé jáde, tó sì wá ra gbogbo ọjà aládùúgbò rẹ̀. N kò fẹ́ràn ìtàn náà. Ohun tó ń kọ́ni ni pé kí a bọ̀wọ̀ fún aláàkísà nítorí ó lè jẹ́ olówó, bí ẹni pé kò sí ohun tó burú nínú lílé e bí ó bá jẹ́ pé tálákà ni lóòótọ́. Obìnrin ẹlẹ́tù tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní owó. Bí ó bá ní in, kò ní ronú àtita aṣọ bàbá rẹ̀. Iye aṣọ ló béèrè, ìdáhùn sì tọ́ sí i.

Ẹni tó wọ aṣọ iyì wá rẹ́ ni jẹ

Àwọn gbájúẹ̀ ló mọ ìwúlò aṣọ jù wá lọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, awakọ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn fún un, agbádá funfun rẹ̀ le kankan bí ìwé. Ó ra léèsì mẹ́rin láìná owó rárá, èyí tó yẹ kó ti ta mí lólobó. Ó ní òun ti fi owó ránṣẹ́, ó na fóònù rẹ̀ sí mi, mo sì rí iye náà lójú fóònù ọ̀hún. Bí ó bá jẹ́ ọmọ onídàda kan tó wọ ṣòkòtò penpe ni, ǹ bá ti ní kó jókòó kí owó wọlé. Agbádá ni mo wò, mo di ẹrù fún un, mo tún gbé e dé ẹnu ọkọ̀. Owó náà kò wọlé títí di òní olónìí.

Nítorí náà, ìlànà ààbò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan fún gbogbo ènìyàn. Àlẹ́ẹ̀tì tó wà lórí fóònù ẹni tó ra ọjà kì í ṣe owó. Inú àkáǹtì tiyín ni kí ẹ ti rí i, kí ẹ tó di ẹrù, kí ẹ sì sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín fún olówó àti mẹ̀kúnnù pé bí a ṣe ń ṣe níbí nìyẹn. Ẹni tó bá ń bínú nítorí pé ẹ fi òun pọ̀ mọ́ àwọn yòókù ti sọ ohun kan fún yín nípa ara rẹ̀ tí aṣọ rẹ̀ kò sọ. Àwìn náà ńkọ́? Ẹ wo bí ènìyàn ṣe san gbèsè tó jẹ gbẹ̀yìn, ẹ má wo fìlà rẹ̀. Nínú ìwé gbèsè mi, àwọn tó ń ta ẹ̀kọ ló mọ́ jù.

Irun, ilà àti ohun tí ènìyàn kò yàn

Ohun tí mo ti sọ nípa aṣọ kan irun àti ara pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń le sí i, torí pé kò ṣeé bọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ń bí ọmọ tí irun rẹ̀ ta kókó láti inú ìyá rẹ̀, tí a ń sọ ọ́ ní Dàda, tí a sì ń kà á sí ọmọ ẹlẹ́bùn. Ilẹ̀ wa kan náà ni ọmọkùnrin tó dá irun bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ ti di ọmọ Yahoo lójú onílé, lójú ọlọ́pàá, àti nígbà mìíràn lójú ìyá rẹ̀. Ẹ̀ka ọlọ́pàá SARS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1992 láti kojú àwọn adigunjalè, di ohun tí ọ̀dọ́ onídàda tó gbé kọ̀ǹpútà àgbéletan lọ́wọ́ ń sá fún, títí ìwọ́de oṣù Kẹwàá ọdún 2020 fi mú kí wọ́n kéde ìtúká rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń yá ilé fún ènìyàn, kò sí ohun tó burú nínú kí ẹ béèrè iṣẹ́ tí ọ̀dọ́ kan ń ṣe àti ẹni tí yóò dúró fún un. Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi ẹni tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn àwọn méjèèjì.

Ní ti ilà ojú, àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ni mo fẹ́ bá wí. Àwọn tó ní pélé, àbàjà tàbí gọ̀ǹbọ́ lójú jẹ́ ìkókó nígbà tí wọ́n kọ ọ́ fún wọn. Kò sí ẹni tó bi wọ́n. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2003 ti ka kíkọ irú àmì bẹ́ẹ̀ sára ọmọdé léèwọ̀, nítorí náà ojú tí ẹ bá rí i ń dàgbà sí i ni. Kí akọ̀wé ọ́fíìsì má ṣe tìtorí pé bàbá kan kọ àbàjà kí ó máa bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé kò gbọ́ èdè. Àfín àti ẹni tó ń tiro náà kò yan bí wọ́n ṣe rí.

Ìwé kékeré kan fún ọ̀sẹ̀ méjì

Ìmọ̀ràn nìkan kì í wo àṣà sàn, nítorí náà mo máa ń fún ọmọ iṣẹ́ tuntun ní ìwé kékeré kan. Mo ní kí ó fa ìlà sí àárín ojú ewé. Bí àlejò bá ti wọlé, tí ọmọ náà sì ti kí i, kí ó kọ ohun tí ọkàn rẹ̀ sọ nípa ẹni náà sí apá òsì, láìpurọ́. Bí àlejò bá lọ tán, kí ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sí apá ọ̀tún. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ń fún un, kò sì sí ẹni tí yóò kà á àyàfi òun fúnra rẹ̀, bí kò bá fẹ́.

Ọ̀kan nínú wọn gbé tirẹ̀ wá fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín. Lápá òsì ni ó kọ “bàbá oníkáfútánì, yóò ra léèsì,” lápá ọ̀tún, “ó béèrè ọ̀nà Ìwó Road.” Lápá òsì, “ìyá tó fi ìborùn gba ikùn, kò ní ra nǹkan,” lápá ọ̀tún, “ó ra yáàdì mẹ́wàá, ó sì sọ pé kí n kí ìyá mi.” Lápá òsì, “ọmọkùnrin onídàda, ó kàn fẹ́ wòran ni,” lápá ọ̀tún, “òótọ́ ni, ó wòran ó lọ.” Èyí tó gbà yìí ló jẹ́ kó ronú jù, ó ní, nítorí àwọn mẹ́rin mìíràn tí aṣọ wọn dára wòran lọ lọ́jọ́ kan náà, òun kò sì ránti láti kọ tiwọn sílẹ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò. Bí ẹ kò bá ní ọjà tí ẹ ń tà, ẹ lò ó nínú ọkọ̀ èrò, níbi tí ẹ ti máa ń yan ẹni tí ẹ fẹ́ jókòó tì.

Bí ẹ bá ti ṣi ènìyàn mú

Yóò ṣẹlẹ̀, kódà lẹ́yìn ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe sáré dín owó ọjà kù fún ẹni náà, torí ńṣe ni ìyẹn máa ń sọ pé owó ni ẹ rò pé ó ń wá. Ẹ má ṣe ṣàlàyé pé ẹ kò mọ̀ pé ẹni báyìí-báyìí ni, nítorí ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ká ní kì í ṣe ẹni báyìí-báyìí ni, ohun tí ẹ ṣe ìbá dára. Ẹ dìde. Ẹ wo ojú rẹ̀, kì í ṣe ọrùn rẹ̀. Ẹ sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú, n kò dá yín lóhùn bó ṣe yẹ. Ẹ ní kí ni ẹ fẹ́ wò?” Lẹ́yìn náà kí ẹ dákẹ́, kí ẹ sì gbé aṣọ tó nawọ́ sí sọ̀ kalẹ̀ fún un.